Láti Challawa dé Wudil: Ìtàn àti Ipa Akádẹ́mì Ọlọ́pàá Nàìjíríà nínú Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Àwọn Ọ̀gá Ọlọ́pàá

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí ṣe àgbéyẹ̀wò ìtàn Akádẹ́mì Ọlọ́pàá Nàìjíríà tí ó wà ní ìlú Wudil, ní Ìpínlẹ̀ Kánò, láti ìgbà tí wọ́n ti dá a sílẹ̀ ní ọdún 1988 títí di ìgbà tí òfin fi ẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀ ní ọdún 2021 gẹ́gẹ́ bí ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí ń fúnni ní oyè ìmọ̀. Iṣẹ́ náà kọ́kọ́ tọ ipasẹ̀ ẹ̀kọ́ ọlọ́pàá padà sí ayé ìjọba amúnisìn, kí ó lè hàn gbangba ohun tí Akádẹ́mì náà wá yí padà. Èrò tí ó gbé kalẹ̀ ni pé irú ẹ̀kọ́ tí ọ̀gá ọlọ́pàá bá gbà ni ó ń darí ìwà àwọn ọmọ abẹ́ rẹ̀ láàárín ìlú. Nítorí náà, ìdásílẹ̀ Akádẹ́mì yìí jẹ́ àyípadà gidi. Síbẹ̀, àyípadà náà kò lè fìdí múlẹ̀ bí ẹ̀kọ́ kọ́nsítébù bá ṣì wà lẹ́yìn jìnnà. Ní ìparí, iṣẹ́ náà tọ́ka sí ohun tí àwọn olùkọ́ àti àwọn tí ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ lè rí mú lò nínú ìtàn yìí.

Ìfáárà

Orúkọ tí Yorùbá fún ọlọ́pàá kún fún ìtumọ̀. Ẹni tí ó ní ọ̀pá lọ́wọ́ ni ọlọ́pàá. Orúkọ yìí kò sọ ohunkóhun nípa òfin, kò sọ nípa ìwádìí ọ̀ràn, bẹ́ẹ̀ ni kò dárúkọ ààbò. Ohun tí ojú àwọn ará ìlú kọ́kọ́ rí lára ẹni náà ni wọ́n fi pè é, ohun náà sì ni ọ̀pá. Bí a bá fi ojú inú wo ọ̀rọ̀ yìí, a ó rí i pé ìbéèrè tí ó wà nídìí ẹ̀kọ́ ọlọ́pàá láti àtètèkọ́ṣe wà nínú orúkọ náà: kí ni ó yẹ kí ó wà lórí ẹni tí a fi ọ̀pá lé lọ́wọ́?

Kì í ṣe ọ̀pá nìkan ni ìlú fi lé ọlọ́pàá lọ́wọ́. Ó ní àṣẹ láti mú ènìyàn, láti tì í mọ́lé, láti wọ inú ilé rẹ̀, àti nígbà mìíràn láti yìnbọn. Kọ́nsítébù tí ó dúró lójú pópó kì í sì í dá ṣe gbogbo ìpinnu wọ̀nyí. Ọ̀gá ni ó ń rán an, ọ̀gá ni ó ń fi ọwọ́ sí ìwé tí ó kọ, ọ̀gá náà ni ó sì ń pinnu bóyá kí afurasí lọ sí ilé tàbí kí ó sun àtìmọ́lé. Ìdí nìyí tí ilé-ẹ̀kọ́ tí ọ̀gá ọlọ́pàá ti jáde fi kan gbogbo ará ìlú, títí kan ẹni tí kò tí ì fi ẹsẹ̀ kan tésàn rí.

Àwọn òǹkọ̀wé ti sọ̀rọ̀ púpọ̀ lórí ìtàn iṣẹ́ ọlọ́pàá ní Nàìjíríà. Ibi tí ọ̀rọ̀ kò tí ì pọ̀ sí ní èdè Yorùbá ni ti ẹ̀kọ́ tí a fi ń sọ ọmọ ilé-ìwé di ọ̀gá ọlọ́pàá. Àlàfo yẹn ni iṣẹ́ yìí fẹ́ dí.

Kí Ọlọ́pàá Ìjọba Tó Dé

Kí àwọn Òyìnbó tó dé, ilẹ̀ Yorùbá kò ṣe aláìní àwọn tí ń mú àṣẹ ṣẹ. Ní Ọ̀yọ́, àwọn ìlàrí ni ó ń jíṣẹ́ Aláàfin káàkiri àwọn ìlú abẹ́ rẹ̀. Ní Ilé-Ifẹ̀, àwọn ẹmẹsẹ̀ ni ó ń jẹ́ iṣẹ́ fún Ọọ̀ni. Nígbà tí ìjọba ìbílẹ̀ lábẹ́ àwọn Òyìnbó fẹsẹ̀ múlẹ̀, àwọn àkódà di ẹni tí gbogbo ìlú mọ̀ pé ó ń pe ènìyàn lẹ́jọ́, tí ó sì ń mú arúfin wá síwájú ọba àti ìjòyè.

Ààfin ni irú àwọn òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ti ń kọ́ṣẹ́. Wọ́n ń wo àgbà, wọ́n ń gbọ́ bí a ti ń sọ̀rọ̀ níwájú ọba, wọ́n sì ń mọ àwọn ìdílé àti àwọn èèwọ̀ ìlú. Ẹ̀kọ́ náà ní àléébù tirẹ̀, nítorí pé ọba ni ó ń sìn, kì í ṣe mẹ̀kúnnù. Síbẹ̀, ohun kan wà nínú rẹ̀ tí ètò tí ó tẹ̀ lé e kò ní: ẹni tí ń mú àṣẹ ṣẹ gbọ́ èdè àwọn tí ó ń mú un ṣẹ lé lórí.

Ẹ̀kọ́ Ọlọ́pàá lábẹ́ Ìjọba Amúnisìn

Ní ọdún 1861, tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó, William McCoskry, tí àwọn ará Èkó sọ ní Apọ́ngbọ̀n nítorí irùngbọ̀n rẹ̀ tí ó pọ́n, kó ẹ̀ṣọ́ 30 jọ láti máa ṣọ́ ìlú. Láti inú ẹgbẹ́ kékeré yìí ni ẹ̀ka ọlọ́pàá ti bẹ̀rẹ̀ sí í dàgbà. Nígbà tí ó di ọdún 1879, ìjọba dá ẹgbẹ́ kan tí ó ní ènìyàn 1,200 sílẹ̀, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ Haúsá. Ní ọdún 1896, wọ́n dá Ọlọ́pàá Èkó sílẹ̀. Ní apá òkè ọya àti ní etíkun ìlà-oòrùn pẹ̀lú, àwọn ẹgbẹ́ tí ó jọ ọ́ wà. Ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin ọdún 1930 ni wọ́n pa ọlọ́pàá àríwá àti ti gúúsù pọ̀ di ẹyọ kan, tí olú-iṣẹ́ rẹ̀ sì wà ní Èkó.

Yíyan àjèjì láti ṣọ́ àjèjì kì í ṣe èèṣì. Ẹni tí kò gbọ́ èdè ìlú, tí kò ní ẹbí níbẹ̀, kì í lọ́ra láti mú àṣẹ tí ó le ṣẹ. Ohun tí ìjọba nílò lọ́dọ̀ ọlọ́pàá nígbà náà ni ìgbọràn.

Àwọn ọ̀gá ńkọ́? Aláwọ̀ funfun ni wọ́n, ibi tí a ti kọ́ wọn sì ṣe pàtàkì. Láti ọdún 1907, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì pàṣẹ pé kí àwọn ọ̀gá tí ń lọ ṣe iṣẹ́ ọlọ́pàá ní àwọn ilẹ̀ amúnisìn kọ́kọ́ gba ẹ̀kọ́ ní ibùdó ọlọ́pàá Ireland tí ó wà ní Dublin. Ìyàtọ̀ ńlá wà láàárín ọlọ́pàá Ireland àti ti Lọ́ńdọ́nù. Ọlọ́pàá Lọ́ńdọ́nù, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1829, kì í sábà gbé ìbọn, láàárín àwọn ará ìlú ni ó sì ń gbé. Ti Ireland ń gbé ìbọn, inú bárékè ni ó ń gbé, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti tẹ ilẹ̀ tí a fi agbára gbà lórí ba. Ti Ireland yìí ni wọ́n yàn fún Nàìjíríà àti àwọn ilẹ̀ mìíràn. Bárékè, ìbọn àti pàrédì tí ó di ara iṣẹ́ ọlọ́pàá ní orílẹ̀-èdè yìí kò ṣẹ̀yìn ìpinnu náà.

Èso irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ hàn ní Iva Valley nítòsí Enúgu ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1949. Àwọn òṣìṣẹ́ tí ń wa èédú ní aáwọ̀ pẹ̀lú ìjọba lórí owó iṣẹ́ wọn. Àwọn ọlọ́pàá lọ síbẹ̀ láti kó ohun ìfọ́lẹ̀ tí ó wà ní ibi ìwakùsà. Ọ̀gá ọlọ́pàá aláwọ̀ funfun tí ó ṣáájú wọn kò gbọ́ èdè àwọn òṣìṣẹ́ náà. Ó ka orin àti ijó wọn sí ìkọlù, ó sì pàṣẹ kí wọ́n yìnbọn. Òṣìṣẹ́ 21 ni ó kú. Àwọn tí ó yìnbọn ṣe ohun tí a kọ́ wọn láti ṣe: wọ́n gbọ́ràn. Orí ọ̀gá ni àṣìṣe náà ti bẹ̀rẹ̀. Ìṣẹ̀lẹ̀ yìí fi hàn ju àlàyé èyíkéyìí lọ pé ẹ̀kọ́ ọ̀gá ọlọ́pàá lè jẹ́ ọ̀rọ̀ ikú tàbí ìyè.

Láti Òmìnira dé Ọdún 1988

Òmìnira dé ní ọdún 1960. Ní ọdún 1964, Louis Edet di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó jẹ́ Ọ̀gá Àgbà Ọlọ́pàá pátápátá. Àwọ̀ ọ̀gá yí padà, ṣùgbọ́n ètò ẹ̀kọ́ kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Kọ́lẹ́ẹ̀jì ọlọ́pàá tí ó wà ní Ìkẹjà àti èyí tí ó wà ní Kàdúná ni ó ń kọ́ àwọn tí ó wọlé gẹ́gẹ́ bí kọ́nsítébù, àwọn náà ni wọ́n sì tún ń lò fún àwọn tí yóò di ọ̀gá. Ọ̀gá ọlọ́pàá Nàìjíríà kò ní ilé-ẹ̀kọ́ kan tí ó dá dúró fún un.

Ọ̀nà méjì ni a lè gbà mọ bí èyí ti pẹ́ tó. Ọ̀nà kìíní ni kí a fi ọlọ́pàá wé ológun ilẹ̀ yìí kan náà. Ọdún 1964 ni wọ́n dá Akádẹ́mì Ológun Nàìjíríà sílẹ̀ ní Kàdúná, ní ọdún 1985 ni ó sì bẹ̀rẹ̀ ètò oyè yunifásítì. Ọ̀nà kejì ni kí a wo orílẹ̀-èdè mìíràn tí ó wà lábẹ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì kan náà, tí ó sì jogún irú ọlọ́pàá kan náà. Íńdíà gba òmìnira ní oṣù kẹjọ ọdún 1947. Nígbà tí ó fi di oṣù kẹsàn-án ọdún 1948, wọ́n ti ṣí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọ̀gá ọlọ́pàá sí Mount Abu. Ilé-ẹ̀kọ́ náà kó lọ sí Hyderabad ní ọdún 1975, orúkọ Sardar Vallabhbhai Patel, mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé àkọ́kọ́ ní Íńdíà, ni ó sì ń jẹ́. Ọdún kan péré ni Íńdíà fi dúró. Ọdún 28 ni Nàìjíríà fi dúró.

Ọdún 1988 ni ìjọba ológun Ọ̀gágun Ibrahim Babangida dá Akádẹ́mì Ọlọ́pàá sílẹ̀, nígbà tí Muhammadu Gambo Jimeta jẹ́ Ọ̀gá Àgbà Ọlọ́pàá. Ibùdó onígbà díẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ lò ní Challawa, nítòsí ìlú Kánò, ẹ̀ka rẹ̀ kan sì wà ní Kàdúná. Ní ọdún 1996, ó kó lọ sí ibùdó rẹ̀ gan-an ní Wudil, ìlú tí ó wà ní ìlà-oòrùn Kánò. Iṣẹ́ tí wọ́n fi lé e lọ́wọ́ nígbà náà ni láti kọ́ oríṣi ènìyàn méjì: àwọn tí ó ti gba oyè yunifásítì tí wọ́n ń wọlé láti di ASP, àti àwọn tí yóò jáde gẹ́gẹ́ bí ìnísípẹ́tọ̀.

Bí Akádẹ́mì Ṣe Di Yunifásítì

Ní gbogbo ìgbà tí ètò àkọ́kọ́ yìí fi wà, ibòmíràn ni ìmọ̀ ti ń wá, Akádẹ́mì sì ń fi iṣẹ́ ọlọ́pàá lé e lórí. Ẹni tí ó ti ka ẹ̀kọ́ nípa ewéko tàbí ìtàn ní yunifásítì yóò dé Wudil, wọn yóò sì kọ́ ọ ní pàrédì, ìbọn àti òfin. Ìmọ̀ rẹ̀ àti iṣẹ́ rẹ̀ kò mọ ara wọn.

Láàárín ọdún 2012 sí 2013, ní àkókò ìjọba Ààrẹ Goodluck Jonathan, ètò yìí yí padà. Ìjọba gbé Akádẹ́mì náà ga sí ipò ilé-ẹ̀kọ́ tí ń fúnni ní oyè, àjọ tí ń mójú tó àwọn yunifásítì sì fi ọwọ́ sí i. Láti ìgbà náà ni àwọn ọ̀dọ́ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ girama ti ń gba ìdánwò JAMB láti wọ ibẹ̀. Ọdún 5 ni wọ́n ń lò. Nígbà tí wọ́n bá jáde, ohun méjì ni ó wà lọ́wọ́ wọn: oyè àkọ́kọ́ ti yunifásítì àti ipò ASP, tí ó jẹ́ àtẹ̀gùn àkọ́kọ́ láàárín àwọn ọ̀gá àgbà. Ní ọdún 2021, Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí òfin tí ó fi ẹsẹ̀ Akádẹ́mì náà múlẹ̀. Pàtàkì òfin yìí ni pé ohun tí àṣẹ ìjọba kan dá sílẹ̀, àṣẹ ìjọba mìíràn lè tú u ká. Ṣùgbọ́n ohun tí òfin gbé ró kò ṣe é tú ká bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀kọ́ tí Wọ́n Ń Kọ́ níbẹ̀

Ẹ̀kọ́ Akádẹ́mì pín sí ọ̀nà mẹ́ta. Èkíní ni ẹ̀kọ́ ara àti ìgbọràn: ìdárayá, pàrédì, ìlò ohun ìjà, bíbójú tó aṣọ àti ibùsùn, àti gbígbé pọ̀ pẹ̀lú ẹni tí èdè àti ẹ̀sìn rẹ̀ yàtọ̀. Èkejì ni ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọlọ́pàá gan-an: òfin ìwà ọ̀daràn, òfin ẹ̀rí, bí a ti ń ṣe ìwádìí, bí a ti ń kọ ọ̀rọ̀ afurasí sílẹ̀, àti ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn. Ẹ̀kẹta ni ẹ̀kọ́ yunifásítì, bí i ìmọ̀ òfin, ìmọ̀ ìṣesí ẹ̀dá, ìmọ̀ àwùjọ, ìmọ̀ kọ̀ǹpútà àti àwọn ẹ̀ka sáyẹ́ǹsì bí bayokẹ́mísírì.

Ìfanfà kan wà láàárín ọ̀nà mẹ́ta yìí tí ó yẹ kí àwọn onímọ̀ ẹ̀kọ́ fara balẹ̀ wò. Ní orí pápá pàrédì, akẹ́kọ̀ọ́ kò gbọdọ̀ béèrè ìdí tí wọ́n fi ní kí ó yí sí ọ̀tún. Ní yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́, bí kò bá béèrè ìdí, kò ní yege. Ní òwúrọ̀ wọ́n ń kọ́ ọ láti gbọ́ràn láìjanpata. Ní ọ̀sán wọ́n ń kọ́ ọ láti ṣàyẹ̀wò ohun gbogbo tí a bá sọ fún un. Àwọn kan lè rò pé ìkọlura ni èyí. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọ̀gá ọlọ́pàá gan-an nìyẹn. Ó gbọ́dọ̀ gba àṣẹ láti òkè, ó sì gbọ́dọ̀ lè dá àṣẹ tí ó bá òfin mu mọ̀ yàtọ̀ sí èyí tí kò bá a mu.

Yorùbá ní òwe kan fún ọ̀rọ̀ yìí: bí a bá rán ni ní iṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ìgbọràn ẹrú ni ètò amúnisìn béèrè lọ́wọ́ ọlọ́pàá. Ohun tí Akádẹ́mì wà fún, bí ó bá ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ bí ó ti yẹ, ni kí ó kọ́ ọ̀gá ọlọ́pàá láti fi tọmọ jẹ́ iṣẹ́ tí a bá rán an.

Ipa Akádẹ́mì lẹ́nu Iṣẹ́ àti láwùjọ

Ipa àkọ́kọ́ tí Akádẹ́mì ń kó ni láti mú òfin tuntun dé tésàn. Òfin ọlọ́pàá tí ọdún 1943 ni Nàìjíríà ń lò títí di ọdún 2020, tí òfin tuntun fi rọ́pò rẹ̀. Òfin tuntun náà sọ pé a kò gbọdọ̀ mú ènìyàn nítorí pé ó jẹ gbèsè tàbí pé kò mú àdéhùn òwò ṣẹ lásán. Ó sì kọ̀ ọ́ pé kí a mú ẹnì kan dípò ẹlòmíràn. Òfin ìgbẹ́jọ́ ìwà ọ̀daràn ti ọdún 2015 ti sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣáájú.

Kò sí ẹni tí ó ń gbé ní Nàìjíríà tí kò mọ ìdí tí àwọn òfin wọ̀nyí fi ṣe pàtàkì. Ọmọ sá lọ, wọ́n mú bàbá rẹ̀. Ẹni tí a jẹ ní owó lọ sí tésàn, ó ní kí wọ́n bá òun gba owó òun. Èyí jẹ́ ohun tí àwọn ènìyàn ti fara mọ́ débi pé wọn kò mọ̀ pé òfin lòdì sí i. Kọ́nsítébù tí ó wà ní orí tábìlì ìwájú lè má mọ̀ pẹ̀lú. Ẹni tí kò ní àwáwí ni ASP tí ó ka òfin náà fún ìdánwò. Bí bàbá aláìmọwọ́mẹsẹ̀ náà bá sun tésàn, ó sùn ún nítorí pé ọ̀gá kan tí ó mọ òfin gbà bẹ́ẹ̀. Bí ó bá lọ sí ilé rẹ̀, ẹ̀kọ́ ti so èso.

Ipa kejì ni ti ìṣọ̀kan. Láti gbogbo ìpínlẹ̀ 36 àti Àbújá ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń wá. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ àti ọmọ Maidúgùri yóò gbé inú yàrá kan náà fún ọdún 5. Wọn yóò jáde, wọn yóò sì di ọ̀gá ní ìlú tí kì í ṣe tiwọn.

Ipa kẹta kan àwọn obìnrin. Ọdún 1955 ni obìnrin kọ́kọ́ wọ iṣẹ́ ọlọ́pàá ní Nàìjíríà. Lóde òní, obìnrin àti ọkùnrin jọ ń gba ẹ̀kọ́ kan náà ní Wudil, wọ́n sì ń jáde sí ipò kan náà. Ètò tí ó sọ wọ́n di ẹgbẹ́ láti ọjọ́ kìíní ṣe pàtàkì nínú iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ ìlànà rẹ̀ kò fi wọ́n sí ipò kan náà rí. Ní ọdún 2012, ilé-ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Èkó fagi lé ìlànà tí ó ní kí obìnrin ọlọ́pàá gba àṣẹ lọ́wọ́ ọ̀gá kí ó tó lọ́kọ.

Àwọn Ìpèníjà

Ìpèníjà tí ó tóbi jù lọ kò sí nínú ọgbà Wudil. Ó wà ní àlàfo tí ó wà láàárín ẹ̀kọ́ ọ̀gá àti ẹ̀kọ́ àwọn tí yóò máa darí. Ọdún 5 ni ọ̀gá fi ń kẹ́kọ̀ọ́. Oṣù 6 ni kọ́nsítébù sábà máa ń lò. Bẹ́ẹ̀, kọ́nsítébù, kọ́pùrù àti sájẹ́ǹtì ni ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà, àwọn sì ni ará ìlú ń bá pàdé lójú ọ̀nà.

Ní oṣù kìíní ọdún 2013, iléeṣẹ́ tẹlifíṣàn Channels gbé fíìmù kan jáde tí ó fi bí Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ọlọ́pàá Ìkẹjà ti rí han gbogbo ayé: ilé tí ó ti ń wó, yàrá ìsùn tí kò yẹ ọmọ ènìyàn, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí ó ti bàjẹ́. Ààrẹ Jonathan fúnra rẹ̀ lọ síbẹ̀ láti fojú rí i. Ó yẹ kí a kíyè sí àkókò náà dáadáa. Ọdún tí ẹ̀kọ́ ọ̀gá ń gun òkè lọ sí ipò yunifásítì ní Wudil gan-an ni ilé tí a ti ń kọ́ kọ́nsítébù ń wó ní Ìkẹjà. Ẹni tí wọ́n kọ́ ní irú ilé bẹ́ẹ̀ ti gba ẹ̀kọ́ kan tí kò sí nínú ìwé: pé ìjọba kò kà á sí ènìyàn. Ó ṣòro kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ wá ka ará ìlú sí ènìyàn.

Ọdún méje lẹ́yìn èyí, ní oṣù kẹwàá ọdún 2020, àwọn ọ̀dọ́ tú jáde káàkiri orílẹ̀-èdè láti tako SARS, ẹ̀ka ọlọ́pàá tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1992 láti gbógun ti ìdigunjalè. Ẹ̀sùn ìfìyàjẹni, owó gbígbà àti ìpànìyàn ni wọ́n fi kan ẹ̀ka náà. Ìjọba tú u ká ní ọjọ́ 11 oṣù náà, àwọn ìpínlẹ̀ sì gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kalẹ̀ láti gbọ́ ẹ̀sùn àwọn ará ìlú. Nígbà náà, Akádẹ́mì ti wà fún ọdún 32. Ìbéèrè tí èyí gbé dìde kò ṣe é yẹ̀ sílẹ̀: bí ọ̀gá tí ó kàwé bá wà, kí ni ó dé tí irú ìwà bẹ́ẹ̀ fi gbilẹ̀?

Ìdáhùn kan ni pé ilé-ẹ̀kọ́ kì í dá nìkan kọ́ ènìyàn. Ẹ̀kọ́ kejì ń bẹ ní tésàn, sájẹ́ǹtì tí ó ti lo ogún ọdún lẹ́nu iṣẹ́ sì ni olùkọ́ rẹ̀. ASP tí ọjọ́ orí rẹ̀ kò ju ọdún 25 lọ yóò dé ibẹ̀ pẹ̀lú oyè rẹ̀, yóò sì bá àwọn tí wọ́n bí i lọ́mọ. Wọn yóò sọ fún un pé ohun tí ó kọ́ ní Wudil yàtọ̀ sí bí iṣẹ́ ti rí. Bí ó bá jẹ́ òun nìkan ni ó mọ òfin láàárín ogún ènìyàn, kì í pẹ́ tí ogún yóò fi borí ẹyọ kan. Ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dé orí. Bí ẹ̀kọ́ ọ̀gá bá ga tí ti ọmọ abẹ́ kò sì ga, ọ̀gá ni yóò sọ̀ kalẹ̀.

Ìpèníjà mìíràn ni ti èdè. Ètò tí ń gbé ọ̀gá láti ìlú kan lọ sí ìlú mìíràn ń mú ìṣọ̀kan wá, ṣùgbọ́n ó tún lè mú ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Iva Valley padà wá ní ọ̀nà mìíràn. Òfin ọdún 2015 tí a mẹ́nu bà ṣáájú sọ pé bí afurasí kò bá gbọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì, ògbufọ̀ ni yóò kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀, tí yóò sì kà á fún un ní èdè tí ó yé e. Ìlànà yìí dára. Síbẹ̀, ìyá tí ó sọ pé “mo bá wọn níbẹ̀” lè túmọ̀ sí pé ó jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, ó sì lè túmọ̀ sí pé ìgbà tí ó dé ni ó rí wọn. Ògbufọ̀ tí kò bìkítà lè fi gbólóhùn kékeré yìí sọ ẹlẹ́rìí di ọ̀daràn.

Ohun tí Olùkọ́ Lè Rí Mú Níbẹ̀

Ìtàn Akádẹ́mì Ọlọ́pàá kò jìnnà sí ìtàn àwọn ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ni. Olùkọ́ pẹ̀lú ń gbé ọ̀pá. Òun pẹ̀lú ń gba ìwé-ẹ̀rí, ó ń dé ilé-ìwé tí àwọn àgbà ti wà níbẹ̀, wọ́n sì ń sọ fún un pé kí ó gbàgbé ohun tí ó kọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ẹ̀kọ́ mẹ́ta ni ó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Èkíní, kí a má ṣe fi ìwé-ẹ̀rí wọn ẹ̀kọ́ tán. Ibi iṣẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò lọ jẹ́ ara ẹ̀kọ́ rẹ̀, ó sì yẹ kí ilé-ẹ̀kọ́ máa tẹ̀ lé e débẹ̀.

Èkejì, ẹnu ọ̀nà yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ ni ọlọ́pàá rere ti ń bẹ̀rẹ̀. Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Àwọn tí ń lọ sí Wudil àti àwọn tí ń lọ sí Ìkẹjà, ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti girama kan náà ni wọ́n ti kọjá. Ọmọ tí wọ́n nà nítorí ẹ̀ṣẹ̀ tí ẹlòmíràn ṣẹ̀ ní kíláàsì ti kọ́ pé a lè mú ẹnì kan dípò ẹlòmíràn. Olùkọ́ tí ó bá wádìí kí ó tó jẹ ọmọ níyà ti ń kọ́ ọlọ́pàá ọ̀la ní iṣẹ́ rẹ̀ láìmọ̀.

Ẹ̀kẹta, ẹ̀ka èdè ní àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ni ní ohun tí ọlọ́pàá nílò. Bí àwọn onímọ̀ Yorùbá, Haúsá àti Ígbò bá pèsè ẹ̀kọ́ kúkúrú lórí èdè tésàn, ìyẹn bí a ti ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu afurasí, bí a ti ń ṣe ògbufọ̀ àti bí a ti ń bá àgbà sọ̀rọ̀, yóò wúlò fún ọ̀gá tí ìjọba gbé lọ sí ilẹ̀ àjèjì. Iṣẹ́ yìí kò wúwo ju ohun tí àwọn ẹ̀ka náà ń ṣe lójoojúmọ́ lọ.

Ìgúnlẹ̀

Iṣẹ́ yìí ti fi hàn pé ìdásílẹ̀ Akádẹ́mì Ọlọ́pàá Nàìjíríà ní ọdún 1988, ìgbéga rẹ̀ láàárín ọdún 2012 sí 2013, àti òfin rẹ̀ ti ọdún 2021 jẹ́ ìgbésẹ̀ kúrò nínú ètò tí ó kọ́ ọlọ́pàá ní ìgbọràn nìkan. Ó ti tọ́ka sí i pé Nàìjíríà pẹ́ kí ó tó gbé ìgbésẹ̀ náà, àti pé lẹ́yìn tí ó gbé e, ó gbé ẹsẹ̀ kan, ó fi ìkejì sílẹ̀. Ẹ̀kọ́ kọ́nsítébù ni ẹsẹ̀ kejì náà.

Àbá tí ó tẹ̀ lé èyí kò ṣòro í lóye. Kí àkókò tí kọ́nsítébù fi ń kẹ́kọ̀ọ́ gùn sí i, kí àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì rẹ̀ ṣe é gbé fún ọmọ ènìyàn, kí Akádẹ́mì sì máa pe àwọn àgbà tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́ padà fún ẹ̀kọ́, kí ọ̀gá tuntun má baà dá nìkan dé tésàn pẹ̀lú òfin lórí àti àìgbọ́ra-ẹni-yé níwájú. Ọ̀pá kò ní kúrò lọ́wọ́ ọlọ́pàá, nítorí pé ìlú kò lè wà láìsí ẹni tí yóò dá arúfin dúró. Ohun tí ó kù sí ọwọ́ àwọn olùkọ́, ní Wudil, ní Ìkẹjà àti ní gbogbo ilé-ìwé tí ó wà láàárín wọn, ni orí tí yóò máa darí ọ̀pá náà.